Ó Sẹ́ Omi, Ó Sẹ́ Aládùúgbò

Ẹ̀yin òǹkàwé wa, ó ṣeé ṣe kí obìnrin tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ yìí ti bá ẹ̀yin náà wí rí. Ó ti bá gbogbo ìlú wí. Ẹnì kan ṣoṣo tí kò ráyè bá wí ni ara rẹ̀.

Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ orí rédíò ni. Àwọn olùgbọ́ rẹ̀ ló sọ ọ́ ní Àǹtí Àyíká, orúkọ náà sì dùn mọ́ ọn débi pé ó kọ ọ́ sára ọkọ̀ rẹ̀. Láràárọ̀, nígbà tí àwa yòókù bá ń wá ẹsẹ̀ bàtà kejì, òun ti wà nídìí ẹ̀rọ, ó ń kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń gbé ayé. Bí o bá da omi tí o fi ṣan àwo nù, o ti dẹ́ṣẹ̀. Bí o bá gbàgbé iná yàrá, ìwọ lo ń ba ayé jẹ́. Bí wọ́n bá sì rí ọ̀rá lọ́wọ́ rẹ, kí o yáa tọrọ àforíjì lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí a kò tíì bí.

Òun fúnra rẹ̀ ló ránṣẹ́ sí mi pé kí n wá gbọ́ tẹnu òun, kí n sì gbé e síwèé ìròyìn yìí. "Ẹ kọ ọ́ bó ṣe rí gẹ́lẹ́," ló wí. "Ẹ má ṣàánú mi."

Ta ni mo jẹ́ tí n kò fi ní gbọ́ràn sí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ lẹ́nu?

Òun, ọkọ rẹ̀ àti ìyá ọkọ rẹ̀ ni wọ́n jọ ń gbé. Ọkọ rẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì; Tíṣà ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Ilé mẹ́fà ló ń pín kànga kan lò níbẹ̀. Ẹ̀rọ ń fa omi náà sókè sínú táǹkì, páìpù sì ń gbé e lọ sílé kálukú. Omi náà kò rùn. Ṣùgbọ́n bó bá ti pẹ́ díẹ̀ nínú garawa, á pọ́n bíi tíì, bí o bá sì mu ún, àfi bíi pé o lá ìṣó.

Nítorí náà, omi inú ike ni Àǹtí Àyíká ń rà mu. Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ tún un kà. Inú búùtù ọkọ̀ ló máa ń kó o sí, á da aṣọ bò ó, á sì gba ẹ̀yìnkùlé gbé e wọlé bí ẹni tó jí ẹrù.

Tíṣà ló ní ó tó gẹ́ẹ́. Ó bu omi kànga lọ sí yàrá àyẹ̀wò ilé-ìwé wọn, ó sì mú èsì bọ̀.

"Irin ló pọ̀ nínú rẹ̀," ló wí. "Yàtọ̀ sí ìyẹn, kò sí nǹkan bàbàrà. Èyí rọrùn. A ó gbé dúrọ́ọ̀mù méjì léra. A ó lu ihò wẹẹrẹ sí ìdérí èyí tó wà lókè kí omi máa kán wọlé, kí atẹ́gùn lè kàn án. Irin yẹn á dípẹtà, yanrìn á gbà á dúró, èédú á gba ìtọ́wò burúkú yẹn kúrò. Bí kòkòrò bá ṣẹ́ kù, ìkòkò asẹ́ alámọ̀ tí a máa gbé sílé ìdáná á parí rẹ̀. Kò ní lo iná. Kò ní da omi nù. Bí yanrìn bá dọ̀tí, a ó fọ̀ ọ́, a ó dá a padà."

Àǹtí wò ó bíi pé ó ní kí àwọn da ewúrẹ́ wọ pálọ̀.

"Yanrìn? Èédú? Tíṣà, ṣé ẹ mọ irú èèyàn tó ń wá kí mi nílé yìí? Kí n máa fi dúrọ́ọ̀mù hàn wọ́n?"

"Omi la fẹ́ mu, ìyàwó mi. A ò fẹ́ fi ṣe ẹ̀ṣọ́ ilé."

"Ẹ jẹ́ kí n rò ó ná."

Ó sì rò ó lóòótọ́. Ó rò ó títí Onítáì fi dé.

Onítáì ni mo máa pe ọkùnrin náà, nítorí pé táì ọrùn rẹ̀ ni ohun tó dájú jù lára rẹ̀. Ó ń ta ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi. Ó wá bá Àǹtí ní ilé-iṣẹ́ rédíò, ó gbé àwòrán ẹ̀rọ kan síwájú rẹ̀, ó sì dákẹ́ kí àwòrán náà lè ṣiṣẹ́ rẹ̀. Ẹ̀rọ ọ̀hún ń dán bíi dígí. Iná aláwọ̀ búlúù yí i ká. Lójú rẹ̀, ewé tútù kékeré kan ń tàn.

"Kí ni ewé yìí ń ṣe?" Àǹtí béèrè.

"Ó ń fi hàn pé ẹ̀rọ yìí fẹ́ràn àyíká."

Obìnrin tó ń bi olórí ìlú ní ìbéèrè lórí rédíò títí òógùn fi ń bọ́ lójú rẹ̀, ìdáhùn yìí tẹ́ ẹ lọ́rùn.

"Àǹtí, ẹ̀yin ni ìlú ń fetí sí," Onítáì ń bá a lọ. "A ò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ yín. A máa gbé e wá sílé yín, a máa so ó mọ́gi... ẹ má bínú, mọ́ ògiri. Tó bá ti tẹ́ yín lọ́rùn, kí ẹ kàn máa dárúkọ wa. Bó bá yá, a ó gbé àwòrán yín sórí pátákó ńlá lójú títì. Ẹ̀yin, pẹ̀lú ife omi lọ́wọ́."

Àǹtí ti rí ara rẹ̀ lójú títì. Ó ti mọ aṣọ tí òun máa wọ̀. Ṣùgbọ́n ó jẹ́ olóòótọ́ èèyàn, kò sì lè gba nǹkan láìbéèrè, nítorí náà ó béèrè.

"Ṣé kì í fi omi ṣòfò?"

Onítáì rẹ́rìn-ín músẹ́. "Omi ò lè ṣòfò láéláé, Àǹtí. Ilẹ̀ ló ń padà sí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí rẹ̀. Kò béèrè ìkejì.

Ọjọ́ tí púlọ́ńbà wá so ẹ̀rọ náà, Tíṣà wà níbi iṣẹ́, Màmá, ìyá rẹ̀, sì ti lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó bímọ. Àǹtí nìkan ló wà nílé. Púlọ́ńbà bẹ̀rẹ̀ wò lábẹ́ ẹ̀rọ, ó fa páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan jáde.

"Àǹtí, ibo ni kí n darí èyí sí?"

"Kí nìyẹn?"

"Omi tí ẹ̀rọ yìí bá kọ̀ ló ń gba ibẹ̀ jáde. Bó bá fa garawa mẹ́rin, ọ̀kan ló máa fún yín mu. Mẹ́ta á gba ibí lọ."

Àǹtí sọ fún mi pé nǹkan kan já nínú òun nígbà yẹn. Ó ní ó já pàó, òun gbọ́ ọ. Ó wojú púlọ́ńbà. Ó wojú ẹ̀rọ. Ewé tútù yẹn ń tàn lójú rẹ̀ bí ọmọ tó ń rẹ́rìn-ín sí ìyá rẹ̀.

"Gba ẹ̀yìn ọgbà," ló wí. "Ibi kòtò yẹn. Ẹnikẹ́ni kì í débẹ̀."

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an, ó sọ lórí rédíò pé: "Ní ilé tèmi, ẹ̀yin olùgbọ́ mi, ẹ̀kán omi kan kì í ṣòfò." Ó ní ohùn òun ò tiẹ̀ gbọ̀n.

Ẹ̀rọ náà dùn ún lò o, ká má purọ́. Omi tó ń bọ́ nínú rẹ̀ mọ́ gaara, ó tutù. Àwọn àlejò ń wá, wọ́n ń dúró síwájú rẹ̀ bí ẹni tó wá wo ọmọ tuntun. Bí asẹ́ oníke inú rẹ̀ bá ti dọ̀tí, kò ṣeé fọ̀. Àfi kí wọ́n yọ ọ́ sọnù, kí wọ́n fi òmíràn sí i. Àǹtí á wé èyí tó ti bà jẹ́ sínú bébà, á fi í sínú àpò, á sì lọ jù ú sínú páńtí ilé-iṣẹ́ wọn. Ẹ rí i bí ó ṣe ń bójú tó àyíká? Kò fẹ́ kí ìdọ̀tí wà nílé.

Ẹ̀ẹ̀rùn wá wọlé.

Kànga tí kò gbẹ rí bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ kanlẹ̀. Oòrùn kò tíì ní kan àtàrí tí táǹkì á ti gbẹ. Àwọn ará ilé mẹ́fẹ̀ẹ̀fà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ojú ìfura wo ara wọn. Sájẹ́ǹtì, ọmọ ogun tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ alága wọn, pe ìpàdé. Ibo ni wọ́n ti máa ṣe é? Pálọ̀ Àǹtí Àyíká ni, kí wọ́n lè mu omi tó mọ́.

Gbogbo wọn mu ún. Wọ́n yìn ín. Wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá olè omi.

"Ta ló ń fọ aṣọ nínú wa?" ẹnì kan béèrè.

Gbogbo ojú yí sí Ìyá Alágbàfọ̀.

Obìnrin náà jókòó létí ilẹ̀kùn, ó ká ọwọ́ lé itan. Ọwọ́ rẹ̀ funfun ní ìka nítorí ọṣẹ. Aṣọ ibùsùn ilé ìwòsàn kan ló ń fọ̀, ó ń fi bọ́ ọmọ mẹ́ta. Á pọn omi sílẹ̀ sínú bàsíà, á jẹ́ kó tòrò kó tó lò ó, á sì fi omi ìṣanṣọ fọ ilẹ̀. Bó ti ń ṣe látọjọ́ tó ti dé àdúgbò nìyẹn.

"Omi tí mò ń lò kò ju ti tẹ́lẹ̀ lọ," ló wí. "Ẹ̀yin náà ẹ mọ̀."

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹ̀rọ inú ilé ìdáná bẹ̀rẹ̀ sí í tú omi rẹ̀ dà. Ṣììì. Àǹtí gbọ́ ọ. Ó yára gbé ohùn sókè, ó ní kí wọ́n bá òun gbé àga kan súnmọ́ ọ̀hún, bẹ́ẹ̀ kò sí ẹni tó fẹ́ jókòó sórí àga kankan.

"Àǹtí Àyíká," Sájẹ́ǹtì wí, "ẹ̀yin lẹ mọ̀ nípa omi. Kí lẹ rí sí i?"

Ibí yìí ló ti lè sọ ọ́ o. Ó lè ní, "Ẹ dákun, ẹ tẹ̀ lé mi lọ sẹ́yìn ọgbà." Gbólóhùn kan péré. Ìtìjú rẹ̀ kì bá ti ju ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan lọ. Ṣùgbọ́n Onítáì ti pè é láàárọ̀ ọjọ́ yẹn pé àwọn ayàwòrán ti ń bọ̀, pátákó ti délẹ̀.

Àǹtí mí kanlẹ̀ bí ẹni tí ayé sú.

"Èmi ò fẹ́ dárúkọ ẹnikẹ́ni," ló wí. "Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń fi omi ṣòwò, ó yẹ kó wá omi òwò rẹ̀ síbòmíràn."

Ẹ ò rí i pé kò dárúkọ? Ọmọlúàbí ni.

Ìyá Alágbàfọ̀ wò ó. Kò jà, kò sunkún. Ó kàn ń wò ó, bí ẹni tó fẹ́ mọ bóyá òun gbọ́ ọ dáadáa. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, Sájẹ́ǹtì mú àgádágodo wá, ó fi ti ẹnu ẹ̀rọ omi ilé obìnrin náà pa.

Bíi pé ìyẹn ò tó, Àǹtí tún gbé e lọ sórí rédíò. Ọ̀rọ̀ kò tíì tán lẹ́nu rẹ̀. "Ní àdúgbò tèmi gan-an," ló wí, "ẹnì kan ń fi omi gbogbo wa ṣòwò. A ti mú un. Ẹ̀yin náà, ẹ la ojú yín." Gbogbo ìlú mọ àdúgbò rẹ̀. Àdúgbò ọ̀hún kò sì ní ju alágbàfọ̀ kan lọ. Mátírọ́ọ̀nù ilé ìwòsàn gbọ́ ọ. Kò fẹ́ kí orúkọ ilé ìwòsàn wọn bá olè omi rìn. Ó gbé aṣọ ibùsùn fún ẹlòmíràn.

Okùn tí aṣọ funfun máa ń fẹ́ lórí rẹ̀ ṣófo. Ìyá Alágbàfọ̀ wá ń ru omi láti ẹ̀rọ ìjọba tó wà lẹ́bàá títì, láti lè fọ ìwọ̀nba aṣọ tó kù. Àǹtí pàdé rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó yí gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀ sílẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Alágbàfọ̀!"

"Ẹ ṣeun, Àǹtí," obìnrin náà dáhùn. Omi ń kán sí i léjìká.

Àǹtí yí gíláàsì padà sókè. Ooru pọ̀ níta.

Ohun kan wá ń da àdúgbò láàmú: wọ́n ti ti ẹnu ẹ̀rọ obìnrin yìí pa, omi sì ń tán síbẹ̀. Ṣé kò yẹ kí wọ́n fura? Wọ́n fura o. Sájẹ́ǹtì ní ó dá òun lójú pé ó ń yọ́ omi bù ni. Ó lọ bá onílé obìnrin náà, wọ́n sì fẹnu kò pé kó kó ẹrù rẹ̀ kúrò ládùúgbò lọ́jọ́ Sátidé.

Tíṣà nìkan ni ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Wọ́n ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó gbé ṣíbí sílẹ̀.

"Ìyàwó mi, àkèré ń ké lẹ́yìn ọgbà wa. Nínú ẹ̀ẹ̀rùn. Ibo ni wọ́n ti ń rí omi?"

"Ṣé èmi ni mò ń tọ́jú àkèré ni?"

"Ẹ̀rọ yẹn, ṣé kì í da omi nù? Mo mọ irú rẹ̀. Omi oníyọ̀ ni wọ́n dìídì ṣe é fún, omi tiwa ò sì níyọ̀. Páìpù ìdànù rẹ̀ dà?"

"Tiwa ò ní in."

"Kò ní in?"

"Tuntun ni, Tíṣà. Wọ́n ti mú un kúrò nínú tuntun."

Tíṣà gbé ṣíbí rẹ̀. Ó ń jẹun lọ, ìyẹn ló sì ń ba obìnrin náà lẹ́rù jù.

Lọ́jọ́ kejì ni Màmá ti ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ dé. Gbogbo ilé dùn mọ́ ọn. Ó gbá àgbàlá, ó ká aṣọ, ó sì ní igbe àkèré kò jẹ́ kí òun gbádùn oorun ọ̀sán. Ẹ kò rí ìyá ọkọ tó fẹ́ràn ìyàwó ọmọ rẹ̀ tó báyìí. Kò sí àárọ̀ tí kì í gbọ́ ètò rẹ̀, á gbé rédíò kékeré sétí, á máa mi orí.

Ní ọjọ́ tó ku ọ̀la kí wọ́n lé Ìyá Alágbàfọ̀ jáde, Àǹtí ní ètò àkànṣe kan. "Ta Ló Ń Mu Omi Wa?" ni wọ́n pè é. Onítáì ló náwó sí i. Òun náà jókòó sí stúdíò, ó wọ táì pupa. Wọ́n ṣí tẹlifóònù sílẹ̀ fún àwọn olùgbọ́.

Ẹni àkọ́kọ́ pè, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Àǹtí pé òun ti ra ẹ̀rọ náà. Onítáì rẹ́rìn-ín. Sájẹ́ǹtì ló tẹ̀ lé e. Ó fọ́nnu pé àwọn ti rí olè omi tàwọn, pé tó bá di ọ̀la ó ti kúrò ládùúgbò. "Ẹ kú iṣẹ́, Sájẹ́ǹtì!" Àǹtí wí.

Ẹnì kẹta wọlé.

"Ẹ káàárọ̀ o. Ṣé mo ti wọlé?"

Àǹtí mọ ohùn náà. "Ẹ káàárọ̀, màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dín rédíò yín kù."

"Mo ti dín in kù, ìyàwó mi. Èmi ni. Ìyá Tíṣà."

Ọkùnrin tó ń darí ẹ̀rọ lẹ́yìn dígí bú sẹ́rìn-ín. Àǹtí náà rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin olùgbọ́, ìyá ọkọ mi rèé! Màmá, ẹ ṣeun tí ẹ pè wá. Ó dàbọ̀ o, ẹ jẹ́ ká gba—"

"N kò tíì sọ̀rọ̀ mi."

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìtàn yìí, ta ni nínú yín tó máa já tẹlifóònù mọ́ ìyá ọkọ rẹ̀ létí, tí gbogbo ìlú sì ń gbọ́? Ẹ na ọwọ́ sókè kí n rí yín.

"Mo gbọ́ ohun tí Sájẹ́ǹtì sọ," Màmá wí. "Kò dáa. Ìdí tí mo fi pè nìyẹn, kí n lè ràn ọ́ lọ́wọ́, torí mo mọ̀ pé iṣẹ́ kì í jẹ́ kí o ráyè dé ẹ̀yìn ọgbà. Omi náà kò sọnù. Ọ̀dọ̀ wa ló wà."

Onítáì fọwọ́ kan táì rẹ̀.

"Igbe àkèré ni mo tẹ̀ lé. Páìpù kan jáde láti ilé ìdáná wa, láti ara ẹ̀rọ eléwé yẹn, ó ń tú omi dà sínú kòtò. Mo gbé garawa sí i. N kò tíì mu tíì mi tán tó fi kún, tó ń ṣàn dànù. Koríko tó wà níbẹ̀ ga dé orúnkún mi! Omi ọ̀hún mọ́ o, ìyàwó mi. Mo wá ní, dípò kí wọ́n lé Ìyá Alágbàfọ̀ jáde, ẹ kúkú jẹ́ kó gbé bàsíà rẹ̀ wá síbẹ̀. Èyí tí à ń dà nù yẹn, ó tó fọ aṣọ gbogbo àdúgbò."

Àǹtí wojú Onítáì.

Onítáì ló gbé ẹnu súnmọ́ ẹ̀rọ. "Màmá, ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Omi ò lè ṣòfò. Ilẹ̀ ló ń padà sí."

"Ta nìyẹn?" Màmá béèrè. "Ìyàwó mi, sọ fún un kó wá lá a nílẹ̀."

Ọkùnrin ẹ̀yìn dígí gbé orí lé tábìlì, èjìká rẹ̀ ń mì. Gbogbo iná tẹlifóònù ló ń tàn lẹ́ẹ̀kan náà. Ọ̀gá ilé-iṣẹ́ sáré wọlé, ó ní kí wọ́n fi orin sí i. Orin wo? Èyíkéyìí!

Nígbà tí Àǹtí fi máa délé, ẹ̀yìn ọgbà ti kún. Àwọn tó ti mu omi ní pálọ̀ rẹ̀ dúró yí kòtò ká. Ẹrẹ̀ ti bo bàtà Sájẹ́ǹtì, ó ń wo ibi tí páìpù ń tú sí bí ẹni tí wọ́n já oyè ní èjìká rẹ̀. Ó fa kọ́kọ́rọ́ yọ lápò, ó sì kọjá lọ sílé Ìyá Alágbàfọ̀ láti lọ ṣí ẹnu ẹ̀rọ.

Tíṣà wà nílé ìdáná. Ó ti fa wáyà ẹ̀rọ náà yọ. Ewé tútù ti kú lójú rẹ̀.

"Mo bi ọ́," ló wí.

"Ẹ bi mí."

"Mo bi ọ́ nídìí oúnjẹ, ojú mi sì ń wo ojú rẹ. Wọ́n ní ẹ̀rọ ló ń sẹ́ omi nílé yìí. N kò mọ̀ pé ìwọ náà ń sẹ́."

Ó sọ fún mi pé ká ní ọkọ òun pariwo ni, òun ì bá rí nǹkan sọ padà. Ẹkún ló bú sí. Tíṣà kò sì rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún. Ó fà á láṣọ pé kó bọ́ síta, ẹnì kan ń dúró dè é.

Ìyá Alágbàfọ̀ ni. Kò wọlé. Àǹtí kúnlẹ̀ sí ẹnu ọ̀nà.

"Ẹ dárí jì mí. Mo ṣẹ̀ yín. Ẹ̀ṣẹ̀ mi pọ̀."

"Ilé ìwòsàn ti fún ẹlòmíràn níṣẹ́ mi," obìnrin náà wí. "Ọmọ mi béèrè lọ́wọ́ mi bóyá olè ni mí. Àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ ló sọ fún un. Wọ́n gbọ́ ọ lórí rédíò."

"Ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́ ni màá ṣe."

"Ẹnu ọ̀nà yín lẹ ti ń bẹ̀ mí yìí. Ṣé ẹnu ọ̀nà yín lẹ ti bà mí jẹ́? Ibi tí ẹ ti sọ ọ́ ni kí ẹ lọ kó o."

Ó yí padà, ó lọ. Kò sọ pé òun dárí jì í. Títí di bí mo ti ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, kò tíì sọ ọ́.

Ó wá ku bí Àǹtí ṣe máa kó o. Ilé-iṣẹ́ rédíò ti yọ ètò rẹ̀ kúrò. Wọ́n ní kó lọ sinmi, wọn kò sì sọ ọjọ́ tí ìsinmi máa parí. Onítáì náà kò gbé ìpè rẹ̀ mọ́. Pátákó jáde lójú títì o, agbábọ́ọ̀lù kan ló wà lórí rẹ̀, ó di ife omi mú. Ẹni tó ti ń fi ẹnu kan bá gbogbo ìlú sọ̀rọ̀ wá ń fi ẹsẹ̀ rìn láti ilẹ̀kùn dé ilẹ̀kùn.

"Èmi ni mò ń da omi yín nù. Kì í ṣe Ìyá Alágbàfọ̀. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́." Bẹ́ẹ̀ ló ń wí nílé kọ̀ọ̀kan. Àwọn kan ní kò burú. Obìnrin kan jẹ́ kó sọ ọ́ tán, ó sì rọra pa ilẹ̀kùn dé. Àǹtí lọ sí ilé-ìwé àwọn ọmọ Ìyá Alágbàfọ̀, ó sọ ọ́ níwájú kíláàsì. Àwọn ọmọ kò fi ojú rere wò ó rárá. Ó ní ti àwọn ló le jù.

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, Tíṣà gbé dúrọ́ọ̀mù méjì wálé. Àǹtí ló fọ yanrìn. Ó fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ fi mọ́, èékánná rẹ̀ ṣẹ́. Wọ́n to òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀, èédú lé e, yanrìn lé èédú, wọ́n sì gbé ìkòkò alámọ̀ sílé ìdáná. Omi tí wọ́n kọ́kọ́ bù kò mọ́ dáadáa. Tíṣà ní kí wọ́n ní sùúrù kí yanrìn jókòó ná. Nígbà tó yá, ó mọ́. Kò ní iná aláwọ̀ búlúù, kò sí àlejò kankan tó dúró wò ó. Ìpẹtà inú rẹ̀ ni wọ́n ń fi omi díẹ̀ ṣan kúrò, Màmá á sì da omi yẹn sídìí igi. Sájẹ́ǹtì wá wò ó, ó yí i po, ó sì ní kí Tíṣà ṣe irú rẹ̀ fún òun.

Mo bi Màmá léèrè bóyá ó mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ nígbà tó pe rédíò.

"Èmi kẹ̀?" ló wí, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Mo fẹ́ ran ìyàwó mi lọ́wọ́ ni."

Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ra asẹ́ omi, ẹ tẹ́tí kí ẹ gbọ́: ẹ má bi ẹni tó ń tà á pé ṣé ó dára. Ó dára ni yóò wí. Ẹ bi í pé ibo ni páìpù kejì ń lọ. Bó bá ń fi ewé hàn yín, ẹ bọ́ sẹ́yìnkùlé.

Ilé ìwòsàn ni Àǹtí fi ṣe ìgbẹ̀yìn. Ó bá mátírọ́ọ̀nù lórí àga rẹ̀, níwájú àwọn aláìsàn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Ó fẹnu sí i létí, ó rọra ń sọ ọ́. Mátírọ́ọ̀nù ń gbọ́, ojú rẹ̀ ń yí padà. Ó ní òun ò lè gba gbogbo iṣẹ́ náà lọ́wọ́ ẹni tí òun ti fún, ṣùgbọ́n ìdajì rẹ̀ á padà sọ́dọ̀ Ìyá Alágbàfọ̀ láti ọjọ́ Ajé.

Bàbá arúgbó kan jókòó sí ìparí bẹ́ǹṣì, ó na etí.

"Kí ló ń sọ?" bàbá náà béèrè. "Kó sọ ọ́ sókè! Mi ò gbọ́."

"Bàbá, kò kàn yín," mátírọ́ọ̀nù wí.

"Jẹ́ kó sọ ọ́ sókè jàre!"

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú. Àǹtí na ara rẹ̀ tán. Ó mí sínú, ó sì gbé e jáde pẹ̀lú ohùn tó fi ń jí gbogbo ìlú láràárọ̀: òun ló gba ẹ̀rọ nítorí àwòrán ojú títì, òun ló ń tú omi dà sẹ́yìn ọgbà, òun ló mọ̀ tó fi jẹ́ kí wọ́n pe ẹlòmíràn lólè. Kò dá ọ̀kan sí nínú rẹ̀.

Bàbá náà fi ọ̀pá gbára dìde. Ó tẹjú mọ́ ọn.

"Mo mọ ohùn yìí," ló wí. "Àǹtí Àyíká ni! Àǹtí, nítorí yín ni mo ṣe ra ẹ̀rọ yẹn o."

Ó na ọwọ́ sí ọ̀nà ilé rẹ̀.

"Ó wà nílé mi báyìí," bàbá náà ń bá a lọ. "Ó ń tú omi sílẹ̀ gbùrù. Mo rò pé bó ṣe yẹ kó rí nìyẹn, torí pé ẹ̀yin lẹ ní kò burú." Ó tún wò ó. "Ṣé ẹ̀yin lẹ máa wá tú u kúrò ni, àbí kí n wá ẹlòmíràn?"

"Èmi ni, bàbá," Àǹtí dáhùn. "Ibo ni ilé yín wà?"

Bàbá náà mú un lọ́wọ́ dání, kó má baà sá lọ, wọ́n sì jọ jáde.